Èjìká Làtíìfù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Ẹni tó bá gbé omi kaná, kó lọ pa iná rẹ̀ kó tó jókòó, torí ìtàn tí mo gbé wá yìí kò fẹ́ kéèyàn máa dìde lọ kó máa padà bọ̀. Ìtàn ẹ̀rù ni. Kò sí iwin nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olè. Fíìmù kámẹ́rà kan ni, tí a bá nà án tán kò gùn ju apá àgbàlagbà lọ, òun ni ọkùnrin kan ń bẹ̀rù láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú títí ó fi funfun.

Bàbá Dáúdà ni ọkùnrin náà. Nunhead ní London níbí ni wọ́n ń gbé, ní ilé Habeebullah ọmọ wọn. Ẹni tó bá ń kírun Jímọ̀ ní mọ́sáláṣí wa ní Peckham ti rí wọn rí: ìlà iwájú, lórí àga tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ fún àwọn tí orúnkún ń dùn, jalabíà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kóòtù dúdú tó nípọn lórí rẹ̀. Fóònù méjì ni wọ́n ń mú kiri, bíi púpọ̀ nínú wa. Ọ̀kan fún London. Èkejì, kékeré, fún ilé: òun ni wọ́n fi ń bá Mìsítúrà àbúrò wọn sọ̀rọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n lọ sílé kẹ́yìn, ọmọ-ọmọ Mìsítúrà ṣe fóònù náà kí ìpè ìrun Ìsẹ́yìn máa jáde nínú rẹ̀, kí Bàbá lè mọ ìgbà tí Mìsítúrà wà lórí ẹní ìkírun, kí wọ́n má pè é nígbà náà. Ẹ fi fóònù kékeré yẹn sọ́kàn. Mo ń bọ̀ wá bá a.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni Bàbá ti jẹ́ Bàbá. Nígbà tí rock and roll ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, Dáúdà lásán ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, tí ara rẹ̀ yá gágá. Ó ra kámẹ́rà àlòkù kan, ó sì di pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ó ń lọ sí gbọ̀ngàn ijó kan lójú Old Kent Road, níbi tí àwọn ọmọ òyìnbó ti ń ta gìtá, tí wọ́n ń fò sókè sódò bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. Ìwé ìròyìn kankan kò rán an. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn fẹ́ràn bí iná ṣe ń bà sára gìtá, tí òógùn sì ń dán lójú olórin bí òróró.

Ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn náà ṣókùnkùn. Kámẹ́rà tálákà kò ní iná tirẹ̀, nítorí náà ojú rẹ̀ ní láti là pẹ́ kó tó ríran, bí ọwọ́ ẹni tó mú un bá sì gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, èéfín lásán ni yóò bá nínú fọ́tò. Ọgbọ́n wo ni Dáúdà dá sí i? Ó ní àbúrò kan tó tẹ̀ lé e wá láti Ìsẹ́yìn, Làtíìfù, onísùúrù ọmọ, tí èjìká rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pẹpẹ. Làtíìfù yóò dúró níwájú, yóò kọjú sí ìtàgé. Dáúdà yóò gbé kámẹ́rà lé e léjìká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, yóò ní, "Mú èémí dúró." Làtíìfù yóò dúró bí òpó. Bí àwòrán bá ti wọlé tán, yóò mí, yóò yí orí sẹ́yìn díẹ̀, yóò ní, "Ó ti wọlé?" Àìrìn pọ̀ ejò ní í jẹ wọ́n níyà, àwọn méjì yìí rìn pọ̀.

Fọ́tò náà a máa dára. Àléébù kan ṣoṣo ló wà lára wọn: ní ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní igun, nǹkan dúdú kan a máa yọ bàìbàì. Etí Làtíìfù ni. Dáúdà a mú àlùmọ́gàjí, a gé e kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti gé mi létí," ni Làtíìfù máa ń wí. "Ẹ máa gé e lọ. Lọ́jọ́ kan, ẹ ó wá etí yìí tì."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Ta ló fẹ́ wo etí ọmọ Ìsẹ́yìn nínú fọ́tò gìtá?"

Ìgbà ìwọ́wé ni ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn. Làtíìfù de táì tuntun. Kí wọ́n tó wọlé, nígbà tí oòrùn ṣì wà lójú pópó, Dáúdà kọjú kámẹ́rà sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

"Ẹ má fi fíìmù ṣòfò lórí mi," ni Làtíìfù wí, ṣùgbọ́n ó tún táì rẹ̀ ṣe.

Àwòrán àkọ́kọ́ nínú fíìmù náà nìyẹn. Wọ́n wọlé, wọ́n ya ìyókù lórí èjìká bí ìṣe wọn, títí fíìmù fi tán. Ìgbà tí wọ́n jáde, àwọn Teddy boys, àwọn ọmọ ìta aláṣọ gígùn ìgbà yẹn, ti dúró dè wọ́n tàwọn ti ṣéènì kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Àwọn àgbà tó gbé ìlú yìí nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń fi ojú aláwọ̀ dúdú rí. Àwọn ọmọkùnrin méjì náà sá. Òjò ń rọ̀. Wọ́n sá dé abẹ́ afárá rélùwéè kan, wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nínú àgbàrá, ọkọ̀ ojú irin ń sán bí àrá lókè orí wọn. Wọn kò gbọdọ̀ wúkọ́. Wọn kò gbọdọ̀ mí. Àwọn tó ń wá wọn ń kọrin lọ, wọ́n ń kọrin bọ̀ lójú títì, orin gbọ̀ngàn gan-an ni wọ́n sì ń kọ. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, eyín Làtíìfù ti ń lu ara wọn. Òtútù àyà ni. Kí yìnyín ọdún náà tó bọ́, wọ́n ti sin ín.

Lẹ́yìn náà, onílé lé Dáúdà jáde, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú òjò. Ibẹ̀ ni páásípọ́ọ̀tù Làtíìfù bá lọ, ibẹ̀ ni gbogbo fíìmù ìṣáájú bá lọ. Álúbọ́ọ̀mù àwọn fọ́tò tó ti gé létí ló yọ, àti fíìmù ìkẹyìn yìí, tó wà nínú àpò kóòtù rẹ̀.

Kò fọ̀ ọ́. Ẹ̀rù méjì ló dì í lọ́wọ́. Bí ojú Làtíìfù bá jáde, ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ó lè wò ó kó ní, "Ta ló mú mi lọ síbẹ̀?" Bí kò bá sì jáde, bó bá jẹ́ òfìfo ni, a jẹ́ pé Làtíìfù kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ó wé fíìmù náà sínú agolo tíì, ó dè é pinpin. Ọ̀la, ni ó ń wí. Ogún ọdún ń bọ̀ wá di ọ̀la. Ó di ọ̀la, ó tún di ọ̀la, agolo ṣì wà ní dídè.

Ojú ló ṣí agolo náà nígbẹ̀yìn. Ojú òsì Bàbá ti kú. Èyí tó kù, bí ẹni ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ríran, dókítà sì ti sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé ihò náà ń dí lọ. Ní àkókò yẹn ni Yusrah, ọmọ Habeebullah, ń wo álúbọ́ọ̀mù Grandpa rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday kan. Yusrah yìí náà ń ya àwọn olórin ní fọ́tò nínú àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní Peckham, kámẹ́rà onífíìmù ayé àtijọ́ ló sì yàn láàyò. Ta ni yóò ní kò jogún rẹ̀?

"Grandpa, kí ló dé tí gbogbo ẹ̀ kúrú nísàlẹ̀? Like, gbogbo ẹ̀."

Bàbá la ẹnu láti purọ́, ẹkún ló jáde. Wọ́n sọ ohun tí wọn kò sọ fún ìyàwó wọn títí ó fi kú. Wọ́n sì gbé agolo tíì jáde.

Habeebullah yọjú wo inú rẹ̀. "Fíìmù tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí! Yusrah, fi Bàbá sílẹ̀ o. Bó bá jẹ́ òfìfo ńkọ́?"

"Daddy, bí Grandpa ò bá rí i now, ìgbà wo ni wọ́n máa rí i?"

Bàbá wo agolo náà bí ẹni ń wo ihò tí ejò wọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Yàrá òkùnkùn kan wà ní Peckham tí àwọn tó ń fọ fíìmù fúnra wọn ń lò. Inú ihò abẹ́ afárá rélùwéè ló wà, irú àwọn tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀bù. Bí Bàbá ti dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbọ́ ọkọ̀ ojú irin lókè, ẹsẹ̀ wọn dúró. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

"Abẹ́ afárá bákan náà ni?" ni Bàbá wí.

"Grandpa, ẹ lè dúró síta. Màá ṣe é kíákíá."

"Rárá. Èmi àti Làtíìfù jọ wọ abẹ́ afárá nígbà yẹn, èmi àti ìwọ náà ó jọ wọ̀ ọ́."

Yusrah ti ṣètò gbogbo rẹ̀. Ìgbà òtútù ni, tí oòrùn London máa ń sáré wọ̀, nítorí náà Àlàásárì ibí máa ń ṣáájú ti ilé. Wọ́n kí Àlàásárì tán kí wọ́n tó kúrò nílé, kí ìpè ìrun má bàa bá wọn nínú òkùnkùn, torí iná fóònù lásán tó láti ba fíìmù jẹ́. Ó pa fóònù tirẹ̀, ó gba ti Bàbá, ó kó méjèèjì fún Bethany, obìnrin òyìnbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Yàrá náà móoru, Bàbá bọ́ kóòtù wọn sílẹ̀ fún Bethany. Jalabíà funfun nìkan ló kù lọ́rùn wọn.

Ẹ rántí fóònù kejì? Bàbá gbàgbé rẹ̀. Ó wà nínú àpò àyà jalabíà náà, wọ́n sì ti mọ ìwúwo rẹ̀ lára débi pé wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Yusrah ti ilẹ̀kùn. Ó pa iná.

Òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe ti òru. Òru ní ìràwọ̀, tàbí iná aládùúgbò. Èyí mú ọwọ́ ẹni kúrò lára ẹni. Bàbá na ọwọ́, wọ́n kan ògiri, bíríkì ni, ó tutù, ó sì ṣe ọ̀rinrin bí ti ìjọ́sí. Wọ́n gbọ́ tí Yusrah ń tú bébà kúrò lára fíìmù, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, bí ejò tó ń gba inú ewé gbígbẹ.

"Ó ń ká, Grandpa. Ó ti gbó. Kò fẹ́ wọlé."

Kẹ̀kẹ́ kékeré kan ni wọ́n máa ń ká fíìmù sí kí wọ́n tó fi sínú agolo oògùn tí iná kò lè wọ̀. Irú fíìmù yìí, èyí tí a yà kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ wọ inú kẹ̀kẹ́. Èyí tí a kọ́kọ́ yà, òun ló ń gbẹ̀yìn wọlé.

"Rọra," ni Bàbá wí. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Mo ń rọra. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Bí mo bá bà á jẹ́..."

"O ò ní bà á jẹ́."

Ohùn wọn kò dá wọn fúnra wọn lójú. Wọ́n gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ náà ń dún kẹ́ẹ́rẹ́kẹ́, ó dúró, ó tún dún. Ọkọ̀ ojú irin kan dé, ilẹ̀ gbọ̀n, eruku bọ́ sí Bàbá lọ́rùn. Wọ́n di ojú. Ó ń ṣe wọ́n bíi pé ẹnìkan dúró sí ọ̀tún wọn tí kò mí. Ọkọ̀ náà kọjá. Ìdajì fíìmù ti wọlé.

Nígbà náà ni àyà Bàbá gbọ̀n rìrì, tí ohùn ládàánì bú jáde láti ara wọn:

"Allāhu Akbar!"

Iná tàn. Ó la jalabíà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà kọjá bí àtùpà inú gíláàsì. Bàbá sì rí i, láti ihò kọ́kọ́rọ́ ojú wọn: ojú Yusrah tó là sílẹ̀ gbòòrò, àti fíìmù náà, ìdajì rẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ bí ahọ́n.

"Iná! Grandpa, iná!"

Bàbá kò wá àpò. Ọwọ́ àgbà kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí kì í lè foríbalẹ̀ lórí ẹní mọ́ nítorí orúnkún, gbalaja ló da àyà dé ilẹ̀. Ilẹ̀ gbà wọ́n, gbìì. Òkùnkùn padà dé.

"Grandpa! Ẹ ti ṣubú?"

"Mi ò ṣubú! Mo dùbúlẹ̀ lé e ni. Fíìmù dà?"

"Abẹ́ hijab mi. Mo tẹ̀ bò ó. Ṣé iná ṣì wà?"

"Abẹ́ mi ló wà. Bí mo bá gbéra pẹ́nrẹ́n, ó jáde."

Adìẹ bà lókùn. Ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ládàánì Ìsẹ́yìn ń ké lábẹ́ àyà wọn, ó ń fa ohùn, kò kánjú, bí ẹni tó ní gbogbo ọjọ́. Láti kékeré, Bàbá kò gbọ́ ìpè ìrun rí kí wọ́n má fún un ní èsì. Ètè wọn ń dá a lóhùn fúnra rẹ̀, ọkàn wọn sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yáa parí, wọ́n sì ń tọrọ àforíjì fún ẹ̀bẹ̀ náà. Egungun ìhà ń ta wọ́n. Wọn kò mọ̀ bóyá iná ń yọ ní ẹ̀gbẹ́. Wọn kò lè wò ó.

"Grandpa, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́." Ọmọ náà ti ń sunkún.

Bàbá lẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n ti sọ ọ́ gbẹ̀yìn.

"Yusrah. Mú èémí dúró."

Ó mú un dúró. Kẹ̀kẹ́ tún dún kẹ́ẹ́rẹ́kẹ́. Ó dún, kò dúró mọ́. Wọ́n gbọ́ tí ìdérí agolo wọlé, kó. Ìgbà náà ni ládàánì parí.

Nígbà tí Yusrah tan iná, Bàbá ṣì wà nílẹ̀, fìlà wọn ti yí sábẹ́ tábìlì. Ó fà wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀. "Grandpa, ẹ jókòó lé muezzin mọ́lẹ̀," ni ó wí, ẹ̀rín àti ẹkún jọ ń jáde.

"Mo dùbúlẹ̀ lé e. Ọ̀tọ̀ ni kí á jókòó." Ṣùgbọ́n wọn kò rẹ́rìn-ín.

Ó da oògùn sí i, ó ń mi agolo, ó dà á nù, ó da òmíràn sí i. Bàbá jókòó lórí àga, wọ́n di tẹ̀sùbáà mú láì kà á. Omi ẹ̀rọ ń dà. Yusrah ṣí agolo, ó fa fíìmù jáde, ó gbé e sókè sí iná. Ó tún yí i wò.

"Sọ ọ́," ni Bàbá wí.

"Grandpa..."

"Ọmọ yìí, mo ti dàgbà ju kí o máa fi pamọ́ fún mi lọ."

"Ibi tí iná bá bà máa ń dúdú. Àwọn tó wà níta... àkọ́kọ́ ti dúdú pátápátá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. I'm so sorry."

Àkọ́kọ́. Táì tuntun, oòrùn ìrọ̀lẹ́, ẹ má fi fíìmù ṣòfò lórí mi. Bàbá kò sunkún. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ ara wọn. Ohun tí wọ́n ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí ti lé wọn bá, lábẹ́ afárá bákan náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì gbé iná tó jó o wá sínú àpò.

"Ó ti kú lẹ́ẹ̀kejì," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́.

Yusrah ṣì ń wo ìyókù. "Àwọn gìtá jáde o. Àwọn tó ti wọ inú kẹ̀kẹ́." Ó súnmọ́ iná. "Grandpa, kí ni nǹkan yìí nísàlẹ̀? Ó wà nínú gbogbo wọn. Lápá òsì."

Bàbá gbé orí sókè.

Ọmọ náà sáré lọ gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ Bethany, ó ya èyí tó kẹ́yìn nínú fíìmù, ó yí dúdú rẹ̀ sí funfun, ó fẹ̀ ẹ́, ó gbé e síwájú ojú kan tó kù. Ihò kọ́kọ́rọ́ kò gba gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fà á kọjá níwájú rẹ̀. Ọwọ́ olórin lórí okùn gìtá. Ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà etí kan, iná ìtàgé yí i ká bí ìlà wúrà. Ẹ̀rù tún ba Bàbá, ọwọ́ wọn di ti ọmọ náà mú, ṣùgbọ́n wọn kò ní kó dúró. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ̀rẹ̀kẹ́. Igun ẹnu kan, tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Làtíìfù ti mọ̀ pé fíìmù ti ń tán. Ó ti ń yí orí padà kó tó tó àkókò. Ibẹ̀ ni àwòrán pin. Ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Ẹnu nìkan ló wà níbẹ̀, ohun tí ẹnu náà sì fẹ́ bi wọ́n, Bàbá mọ̀ ọ́n.

"Ó wọlé," ni wọ́n dá a lóhùn. "Làtíìfù, ó wọlé."

Yusrah nu imú. Ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ fọ́tò kì í sinmi. Ó ti ń fi ìka fa etí àwòrán náà wọlé. "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo lè gé ìsàlẹ̀, kí gìtá lè..."

"Má gé e!" Bàbá ké débi pé Bethany yọjú. Wọ́n rọ ohùn wọn sílẹ̀. "Yusrah mi, má gé nǹkan kan."

Nígbà náà ni àyà wọn tún gbọ̀n. Àwọn méjèèjì fò sókè. Mìsítúrà ni, ó kírun tán ní Ìsẹ́yìn, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kírun?"

"A kí i. Mìsítúrà, mo rí etí rẹ̀."

"Etí ta ni?"

Bàbá fi ọwọ́ sọ fún Yusrah pé kó tún gbé àwòrán náà súnmọ́ wọn.

Fọ́tò náà wà ní pálọ̀ wọn báyìí, ní odindi, láìgé. Yusrah ló sọ gbogbo rẹ̀ fún Sherifat ìyá rẹ̀, títí dórí bí òkùnkùn ibẹ̀ ṣe rí àti ohun tí Bàbá sọ fún un pé wọ́n rò nínú rẹ̀. Sherifat ló sọ ọ́ fún mi ní Camberwell Green, níbi tí èmi àti ẹ̀ ti ń retí bọ́ọ̀sì nínú òtútù, bọ́ọ̀sì méjì sì kọjá wa kí ó tó sọ ọ́ tán.